Ìkọ̀sílẹ̀ Lórí Sàréè Job Pascoe

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta ìdìbò, nígbà tí òórùn ọtí àti èébì ti borí òórùn òkun ní gbogbo ìlú Saltrey, ni wọ́n gbé aṣọ ìyàwó wá fún Tirza Pascoe. Aṣọ náà kì í ṣe tuntun. Sílíkì aláwọ̀ ewé ni, ó ti ya lábíyá, àwọn ọmọbìnrin kan sì ti wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Òógùn wọn kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Tirza gbé e sún mọ́ imú, ó sì sọ ọ́ sórí àpótí bí ẹni tó sọ òkú èkúté nù.

"Màmá, aṣọ yìí ń rùn."

"Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Dorcas ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, kò sì wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé ilé ọkọ ni wọ́n fẹ́ fi gbé ẹ lọ ni? Kó tó di ọ̀sán o ti bọ́ ọ."

Ayé ọba Jọ́ọ̀jì Kẹta ni wọ́n wà nígbà náà. Lásìkò yẹn, ìlú ńláńlá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní aṣojú kankan ní Ilé Ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni òkè kan wà tó jẹ́ pé àgùntàn nìkan ló ń jẹ̀ lórí rẹ̀, tí òkè ọ̀hún sì ń rán aṣojú lọ. Saltrey náà ń rán ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkùnrin Saltrey ló ń dìbò, àwọn tí wọ́n ń pè ní olómìnira ìlú nìkan ni. Àwọn yìí náà nìkan ló lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín odi. Bí bàbá ènìyàn bá jẹ́ olómìnira, òun náà á di ọ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó lọ fẹ́ ọmọbìnrin olómìnira. Ọjọ́ tó bá gbé e níyàwó gan-an ló di ọmọ ìlú tó lè dìbò. Obìnrin fúnra rẹ̀ kò lè dìbò o. Ẹ̀tọ́ bàbá rẹ̀ kàn ń gba ara rẹ̀ kọjá sọ́wọ́ ọkọ ni, bí omi ti ń gba inú ọ̀pá, kò sì sẹ́ni tó ń bi ọ̀pá léèrè bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Job Pascoe, bàbá Tirza, jẹ́ olómìnira. Okùn ọkọ̀ ojú omi ló ń lọ́, nínú àtíbàbà gígùn kan tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Nígbà tí àìsàn àyà pa á, ohun tó fi sílẹ̀ kò ju ilé náà, àtíbàbà náà, àti ẹ̀tọ́ tó sùn sínú ara ọmọ rẹ̀ obìnrin. Tirza sì ti mọ ẹni tí òun yóò jí i fún. Jabez Rudd ni orúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ àgbá kíkàn létí èbúté. Ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ gbéyàwó títí yóò fi parí, yóò sì parí ní àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, nígbà ìkórè. Wọ́n ti wéwèé gbogbo rẹ̀: wọn yóò ṣègbéyàwó, Jabez yóò di olómìnira, àtíbàbà okùn yóò di ṣọ́ọ̀bù àgbá. Tirza ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ dè é. Kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ ayé.

Ọjọ́ tí ìdìbò bẹ̀rẹ̀ ni lọ́yà Silas Crouch kan ilẹ̀kùn wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wọ kóòtù dúdú, ó so ríbọ́ọ̀nù búlúù mọ́ àyà, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ru ẹsẹ̀ àgùntàn kan tẹ̀lé e. Sà Peregrine Holt, tó ni ilẹ̀ tó yí ìlú náà ká, ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tó ń bá Sà Peregrine díje ni Ọ̀gbẹ́ni Denzil Strode, oníṣúgà, tí àwọn èèyàn tirẹ̀ ń so ríbọ́ọ̀nù pupa rúsúrúsú. Ní ti ṣúgà ọ̀hún, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n jí gbé kọjá òkun ló ń gé ìrèké rẹ̀ lábẹ́ pàṣán, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ní Saltrey kò jẹ́ kí ìyẹn ba tíì rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Tirza," ni Crouch wí, ó ṣí fìlà. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá o. A ò tètè ráyè wá ni."

"Láti ọdún méjì sẹ́yìn lẹ ti ń wá àyè, ọ̀gá," ni Dorcas wí. "Ẹ jókòó. Kí lẹ fẹ́?"

Crouch kò lọ́ ọ̀rọ̀ náà. Strode ti ń síwájú. Olómìnira tó kù nílùú kò tó mọ́: àwọn kan ti ta ara wọn, àwọn kan ti mutí yó sùn sínú ilé tí àwọn èèyàn Strode tì wọ́n mọ́ kí wọ́n má baà jáde. Nítorí náà ó di dandan kí wọ́n ṣe olómìnira tuntun. Àwọn awakùsà èédú ti dé láti orí òkè, ọkùnrin tó lágbára, tí wọn kò ní nǹkan ṣe. Ohun tó kù ni ìyàwó.

"Bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni," ni Crouch wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì, ìbò, sàréè. Ó parí. Ọmọbìnrin á padà wá sílé wá jẹun ọ̀sán."

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí sàréè ń ṣe níbẹ̀, torí gbogbo Saltrey ló mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ àṣẹ̀ṣẹ̀gbé bá ti dìbò tán, àwọn méjèèjì á lọ sí ilẹ̀ ìsìnkú, wọ́n á dúró sí ẹ̀gbẹ́ sàréè kan, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á na ọwọ́ sí ara wọn lókè òkú, wọ́n á wí pé, "Ikú ti yà wá," wọ́n á sì jọ̀wọ́ ara wọn. Ṣebí títí ikú yóò fi yà wá ni wọ́n búra ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ikú náà ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Dorcas obìnrin ti ṣe é nígbà ìdìbò kan sẹ́yìn, ó padà fẹ́ oníbúrẹ́dì, ilé rẹ̀ sì kún fọ́mọ. Ta ni yóò wá bi òfin léèrè? Ohun tí gbogbo ìlú bá jọ ń ṣe, òfin ni lójú wọn.

Tirza yíjú. Jabez ló ń wò. Jabez náà wà níbẹ̀, ó wá jẹun alẹ́, ọ̀bẹ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ àgùntàn náà.

"Jabez, o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí?"

"Mo gbọ́." Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán. "Tirza, ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni. Ta lo rí tí wọ́n mú ṣinṣin nítorí ẹ̀ rí? Àǹtí yín ńkọ́?"

"Tó bá dọjọ́ Máíkẹ́lì Mímọ́," ni Crouch sọ, ó yí ojú sí Jabez báyìí, torí ó ti mọ ibi tí ilẹ̀kùn ilé náà wà, "èmi fúnra mi ni máa mú ẹ dé iwájú olórí ìlú. Kò ní sí ẹni tó máa bi ẹ́ ní ìbéèrè kan. Bí a bá rántí àwọn tó ràn wá lọ́wọ́, ó yẹ kí a rántí àwọn tí kò ràn wá lọ́wọ́ náà, àbí?"

Bí Tirza ṣe gbà nìyẹn. Nítorí Jabez ló ṣe gbà, Jabez ló sì ní kó gbà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà ni wọ́n tò. Àwọn ìyàwó ń dúró lápá kan, àwọn awakùsà lápá kejì, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń gbún ara wọn nígùn-únpá, ọ̀kan nínú wọn sì tọ̀ sára ògiri lẹ́yìn ìjókòó. Àlùfáà Tobit Lisle dúró níwájú pẹpẹ, wíìgì rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wáìnì ti ta sí ọrùn aṣọ rẹ̀ funfun. Ó ń ka àdúrà ìgbéyàwó bí ẹni tó ń ka iye ẹran tó wọ ọgbà. Òrùka kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò, òrùka bàbà tí wọ́n tú lára kọ́tìnì. Bí ọ̀kan bá ti búra tán, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì á bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, á sì fi í sọ́wọ́ èyí tó kàn. Nígbà tó kan Tirza, òrùka náà gbóná, ó sì ń yọ̀ fún ọ̀rá ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ẹni tí wọ́n pín fún un ni Amos Gudge. Ọkùnrin gìrìwò kan ni, èédú ti wọ inú ìlà ọrùn rẹ̀ tí omi kò lè fọ̀ ọ́ jáde mọ́, ojú rẹ̀ pupa fún ọtí ápù tí wọ́n ti ń fún un mu láti ìdájí. Lẹ́yìn tí wọ́n búra tán ló tẹríba sí etí rẹ̀.

"Kí lorúkọ ẹ ná?"

"O ò ní nílò ẹ̀," ni Tirza wí.

Láti ibẹ̀, wọ́n fà wọ́n lọ sí ọjà. Wọ́n ti kan pèpéle pákó síwájú gbọ̀ngàn ìlú, lójú gbogbo ayé sì ni olúkúlùkù ti ń gòkè lọ pariwo orúkọ ẹni tó ń dìbò fún, kí ẹni tó rà á lè gbọ́ pé ọjà òun pé. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ kún fún ẹyin tó fọ́, eegun ẹran, àti ẹni tó sùn sínú èébì ara rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù láyà. Òkú ológbò kan ń fò kiri lókè orí àwọn èèyàn. Àwọn búlúù á jù ú, àwọn pupa rúsúrúsú á jù ú padà.

Amos gòkè. Wọ́n mú un búra pé olómìnira ni. Akọ̀wé bi í pé, "Ta lo dìbò fún?"

Amos yíjú sí Crouch. "Ta lẹ ní kí n pè?"

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Crouch fi ẹnu sọ orúkọ náà láìsọ ọ́ síta, Amos sì ké e tó fi dé èbúté: "Holt!"

"Ìyàwó o! Ìyàwó o!" ni àwọn pupa rúsúrúsú ń kígbe sí Tirza nísàlẹ̀. "Ta ló kàn tí o bá ti ṣe tèyí tán? Ẹ bá wa mú nọ́ńbà!" Ẹyin kan bá a láyà. Ẹyin náà ti bàjẹ́. Omi rẹ̀ ṣàn wọ inú sílíkì ewé náà, Tirza sì dúró, ó di eyín, ó ń ronú nípa àtíbàbà okùn tó ti gbá mọ́.

Ilẹ̀ ìsìnkú ni ìríra yẹn wá pé sí. Gbogbo sàréè tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbà, ìyàwó lápá kan, ọkọ lápá kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọkùnrin kan sì ṣubú lé òkúta orí sàréè ó ń gbìyànjú láti fẹnu ko ìyàwó tó ń kọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Crouch ń wá àyè kiri bí ẹni tó ń wá ìjókòó níbi àsè.

"Èyí ṣófo. Ẹ yá, ẹ yá, àwọn míì ń bọ̀."

Tirza dúró. "Bàbá mi ló wà níbẹ̀."

Crouch ka orúkọ tó wà lára pákó orí sàréè náà, ó sì sọ èjìká. "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Ṣebí òun ló ni ìbò ọ̀hún?"

Amos ti lọ sí apá kejì. Bàtà rẹ̀ tẹ òdòdó tí Dorcas gbìn síbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ ńlá rẹ̀ síta, Tirza sì mú un, torí pé bó bá ti tètè parí ni yóò tètè kúrò níbẹ̀. "Ikú ti yà wá," ni wọ́n wí. Amos ní, "Ire o, ìyàwó," ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ọtí. Ọmọbìnrin tó kàn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró de aṣọ.

Jabez wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó rí i tí Tirza ń fi iyanrìn ha ọwọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ lásán ló mú, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀." Tirza náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

Sà Peregrine Holt wọlé. Wọ́n gbé e sórí àga yí ìlú ká, wọ́n sì fọ́ fèrèsé àwọn tí kò tan iná sí i. Ṣùgbọ́n Strode kì í ṣe ẹni tí a ń gba igbá orókè lọ́wọ́ rẹ̀ kó dákẹ́. Ó pe ìdìbò náà lẹ́jọ́ níwájú Ilé Ìgbìmọ̀, ó ní irọ́ ni gbogbo olómìnira tí wọ́n ṣe nígbà ìdìbò yẹn. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Saltrey. Ẹni tó bá fìdí rẹmi tẹ́lẹ̀ a máa gba kámú ni, á sì lọ kó ọtí jọ de ìgbà mìíràn.

Máíkẹ́lì Mímọ́ dé. Jabez parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n fi èérún igi àti omi ẹlẹ́rọ̀fọ̀ wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ-iṣẹ́ tó bá gba ìdáǹdè. Ní ọjọ́ kejì, òun àti Tirza wọ aṣọ tó dáa, wọ́n lọ bá Àlùfáà Lisle pé kó kéde ìgbéyàwó wọn. Àlùfáà ń jẹ ẹja lọ́wọ́. Ó gbé fọ́ọ̀kì dúró.

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Tiwa ni, bàbá," ni Tirza wí.

"Ìwọ ti lọ́kọ."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ti kọ ara wa sílẹ̀, bàbá. Ẹ wà lójú fèrèsé yín, ẹ ń wò wá."

"Mi ò rí nǹkan kan." Ó yọ eegun ẹja lẹ́nu, ó gbé e sétí àwo. "Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá kéde yín lónìí, mo ti sọ pé irọ́ ni èyí tí mo ṣe nígbà ìdìbò. Wọ́n á gba aṣọ lọ́rùn mi. Ẹ lọ dúró kí ẹjọ́ parí."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Àgbà Saltrey wà lọ́jà o. Òun gan-an ló wọ́ orí ọmọ ọ̀hún, ó sì tún padà sídìí ẹja rẹ̀.

Nígbà òtútù, àwọn lọ́yà Strode wá gbé Tirza nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó lọ jẹ́rìí. Inú rẹ̀ dùn lọ. Lójú tirẹ̀, òtítọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, òtítọ́ náà ni yóò sì tú òun sílẹ̀. Bí àwọn ìgbìmọ̀ bá ti lè sọ pé ìgbéyàwó náà jẹ́ irọ́, òun ti di ti Jabez nìyẹn.

Ó sọ ọ́ tán pátá níwájú wọn. Ó sọ ti aṣọ ewé, ó sọ ti òrùka kọ́tìnì, ó sọ ti ọwọ́ tí wọ́n nà lórí sàréè bàbá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó jókòó yí tábìlì ká wọ ṣẹ́ẹ̀tì olónà lọ́rùn, wọ́n kun àtíkè sórí, ọ̀kan nínú wọn sì ń ya ẹṣin sára bébà. Nígbà tó dé ibi sàréè, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alága nu ojú.

"Ó ga o! Ta ló kọ́ yín ní òfin ní Saltrey, àwọn àkàn ni?"

"Ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe ni, olúwa mi."

"Àlùfáà Lisle, ṣé o so wọ́n pọ̀?"

Àlùfáà dìde, wíìgì rẹ̀ gún régé lọ́jọ́ náà. "Mo so wọ́n pọ̀, olúwa mi, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ìjọ. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀."

"Ẹ̀hẹn. Òfin ilẹ̀ yìí kò mọ ìkọ̀sílẹ̀ kankan tí à ń ṣe lórí sàréè. Bí ìgbéyàwó bá dúró, òmìnira ọkọ dúró. Bí òmìnira bá dúró, ìbò dúró. Sà Peregrine ló wọlé." Ó yí sí Tirza, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore. "Padà sílé ọkọ rẹ, aya rere."

Wọn kò bi wọ́n léèrè ẹni tó ra ọtí. Wọn kò bi wọ́n léèrè ẹni tó tò wọ́n sí ìlà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àní wọn kò pa làpálàpá ọ̀hún náà, ṣe ni wọ́n fi ẹ̀rín kùn ún lára. Àwọn lọ́yà Strode tó gbé e wá kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, láàárín àpò ọkà, ni Tirza wà dé Saltrey.

Jabez dúró dè é lẹ́nu àtíbàbà, kò wọlé.

"Kí ni kí n ṣe, Tirza? Mo gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lè máa ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn títí ayé."

"Ìwọ lo ní ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni."

"Ta ló mọ̀ nígbà yẹn?"

"Ẹyin lohùn, Jabez. Ìwọ lo jù ú sílẹ̀. Èmi ló wá kù tí mò ń gbá èèpo ẹ̀."

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, Jabez ti fẹ́ ọmọ ẹlẹ́ran kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olómìnira tó ti fi àáké lé Crouch jáde nígbà ìdìbò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di olómìnira ìlú, láìsí ìrànlọ́wọ́ Crouch kankan.

Amos Gudge fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo èyí, títí ẹnì kan fi sọ fún un nílé ọtí pé Ilé Ìgbìmọ̀ ti fún un ní ìyàwó. Ó wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ nínú aṣọ kan. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í díẹ̀.

"Mi ò ní ibi lọ́kàn o. Wọ́n ní èmi ni ọkọ ni. Wọ́n ní ilé wà ńbẹ̀."

Ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, ti Amos ni láti ọjọ́ òrùka kọ́tìnì: ilé, àtíbàbà, ìkòkò, àní bẹ́ẹ̀dì tí Tirza ń sùn lé. Kò lu Tirza. Ọtí ló ń mu, bó bá sì mutí tán ó ń wá ohun tí yóò tà. Nígbà tó ta àtíbàbà okùn, Jabez Rudd ló rà á. Láti ọjọ́ náà ni Tirza ti ń gbọ́ òòlù rẹ̀ lórí àgbá lẹ́yìn ògiri, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ gbá mọ́. Dorcas kò lè fara da ìró yẹn. Kò dárí ji ara rẹ̀, ó sì tẹ̀lé Job láìpẹ́.

Bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, wọ́n á wá kí Amos. Búlúù á wá, pupa rúsúrúsú á wá, wọ́n á pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Gudge, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń dìbò fún ẹni tí ọtí rẹ̀ bá pẹ́ jù. Wọ́n á sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e padà sílé, tòun ti ríbọ́ọ̀nù tó ti rin fún èébì, Tirza á sì fọ̀ ọ́, torí pé òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn. Búlúù ni o, pupa rúsúrúsú ni o, omi tó ń jáde lára wọn kò yàtọ̀. Wọn kò bímọ. Àwọn aládùúgbò ń káàánú rẹ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n Tirza kì í káàánú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, ọmọ olómìnira ni yóò jẹ́, ẹnì kan yóò sì gbé aṣọ ewé wá fún òun náà lọ́jọ́ kan.

Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi gbé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìró àtúntò dé Saltrey, ọba mìíràn ló wà lórí ìtẹ́. Òfin tuntun ti jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìlú tí kò ní aṣojú yóò ní, òkè àgùntàn kò ní rán ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sí ẹni tí yóò tún di olùdìbò nítorí pé ó gbé ọmọ olómìnira níyàwó. Ilé tó bá tó iye owó kan ni yóò máa fún ènìyàn ní ìbò báyìí. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì títí okùn agogo fi já. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Amos Gudge kú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le bí òkúta.

Wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Job Pascoe, torí ibẹ̀ ló ṣófo. Àlùfáà ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ló gbàdúrà, àwọn tó gbé òkú sì ti ń yára, wọ́n fẹ́ lọ síbi àríyá. Tirza ní kí wọ́n dúró ná. Ó fi ọ̀pá rìn yíká dé apá kejì sàréè, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ti hunjọ síta, lókè ihò náà. Kò sẹ́ni tó mú un.

"Ikú ti yà wá," ló wí.

"Kí lẹ wí, Màmá?" ni àlùfáà ọ̀dọ́ béèrè.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọmọ mi. Mo ti sọ ọ́ nítòsí ibí yìí rí. Irọ́ ni nígbà yẹn."

Ó padà sílé. Ilé bàbá rẹ̀ ti di tirẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Ó kó aṣọ tí Amos kú sí sínú ọpọ́n, pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù tí ó so mọ́ ọrùn títí dé ojú ikú, ó ń fọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá a. Bàtà rẹ̀ ń dán, ríbọ́ọ̀nù búlúù wà láyà rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìdìbò tuntun ń bọ̀, ó ní, àwọn ń ka ilé tó ní ẹ̀tọ́.

"Ẹ kú oríire, Màmá! Ilé yín yìí tó bẹ́ẹ̀, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ta ló ni ín?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín rẹ̀ dín. "Háà. Ìyẹn ò ní ṣeé ṣe. Ọkùnrin ni òfin kọ. Tẹ́lẹ̀ wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n báyìí wọ́n ti kọ ọ́ kedere: ọkùnrin." Ó wo òkè ilé, ó wo fèrèsé, ó káàánú bíríkì tó dára bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ lọ lásán. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tún là. "Ṣé kò sí bàbá kan ládùúgbò yìí tẹ́ ẹ lè fẹ́, Màmá? Ẹ gbé ọkọ wọlé, kí ilé yín lè dìbò! Ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni."

Tirza dìde díẹ̀díẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n mú, ó sì da omi ríbọ́ọ̀nù náà tán sórí bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.